Gìtá Kọ́ Ni Ọ̀tá Ọkàn
Ẹni tí wọ́n bá fi pacemaker, ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn, sí láyà kò ní láti gbé gìtá iná rẹ̀ kọ́ ògiri. Mo sọ èyí nítorí àwa ará Ọ̀tà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ta gìtá ti pọ̀ bí ilé iṣẹ́, láti Canaanland títí dé ojú ọ̀nà Sango. A lè pẹ́ láyé pẹ̀lú pacemaker: Arne Larsson, ará Sweden, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí lára lọ́dún 1958, kò kú títí di 2001. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà ni ká ṣọ́ra fún: bó bá sún mọ́ àyà jù, ẹ̀rọ náà lè yí ìṣe padà títí a ó fi kúrò níbẹ̀. Kó jìnnà sí àyà ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó tó. Ti jẹnẹrétọ̀, 30. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni áńpù tí kò ní wáyà tó wọ ilẹ̀, tó lè gbé iná sára okùn gìtá. Ìyẹn léwu fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé pàápàá! Kí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ra sípíkà ńlá mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ iná. Ẹni tó sì ń jó irin ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó ń ta gìtá lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ajórin yẹn ni kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ.