Ta ni Yóò Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì ní Àtò-àṣẹ Kọ̀ǹpútà?

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé olùkọ́ bàọ́lọ́jì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní yunifásítì bí a ti ń kọ àtò-àṣẹ kọ̀ǹpútà. Ohun tí a pè ní àtò-àṣẹ ni ọ̀wọ́ àṣẹ tí a tò tẹ̀lé ara wọn fún kọ̀ǹpútà láti mú ṣẹ. Àwọn kan ń pè é ní 'ètò'; ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ètò oúnjẹ dídà. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ kí ó ru ẹrù méjì nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ka àkópọ̀ jíìnì fáírọ́ọ̀sì COVID-19 àkọ́kọ́ tí a rí ní Nàìjíríà. Ó tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Ojú lásán kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò sì mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe yóò gba èyí tí ẹ̀rọ bá fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Excel ń sọ jíìnì tí ń jẹ́ SEPT2 di ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2016 rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tí ó fi Excel to orúkọ jíìnì. Nígbẹ̀yìn, orúkọ jíìnì náà ni a yí padà sí SEPTIN2.

Àwọn kan yóò ní kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. A kò fara mọ́ ọn, nítorí ìpìlẹ̀ àtò-àṣẹ ti wà nínú bàọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀. Ìwé tí a fi ń dá ewéko mọ̀ ń sọ pé: 'Bí ewé bá kojú ara wọn, lọ sí ìlà 2, bí wọn kò bá kojú ara wọn, lọ sí ìlà 5.' Àṣẹ onípò nìyẹn, 'bí… bá…' èdè wa sì gbé e láìsí ìnira. Nínú ìlànà PCR, a ń mú DNA gbóná, a ń mú un tutù, ní nǹkan bí ìgbà 30. Àṣẹ tí a ń pa léraléra nìyẹn.

Kí a má ṣe pe èyí ní 'àtúnṣe' o, nítorí àtúnṣe ni a ó pe mímú àṣìṣe kúrò nínú àtò-àṣẹ. 'Àṣetúnṣe' ni a dábàá fún un.

A mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn olùkọ́. Kí ó fi ìwé ìdáwékomọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Èyí kò fi wákàtí kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Ti àwa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni pé kí a fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.