Ẹ Má Fi Oore-Ọ̀fẹ́ Bo Gbèsè Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fi Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ọ̀yọ́ sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ajé ní Àbújá, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó ti di aṣọ ìbora. Bí a bá ní ká lọ wo aláìsàn ní Nyanya, bí a bá ní ká san owó oṣù mẹ́ta tí a jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ wa, a ó ní, "Ṣebí iṣẹ́ kọ́ ló ń gbani là." Òótọ́ ni, kì í gbani là. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé oore-ọ̀fẹ́ ń bá wa san owó ọmọ ọ̀dọ̀?

Ẹ ṣí Éfésù orí kejì. Láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti há ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án sórí, pé ẹ̀bùn ni ìgbàlà, kò sí ẹni tó lè fi í fọ́nnu. Kí ló dé tí a máa ń dákẹ́ síbẹ̀? Nínú ẹsẹ kẹwàá tó tẹ̀ lé e, Pọ́ọ̀lù ní torí iṣẹ́ rere gan-an ni Ọlọ́run ṣe dá wa nínú Kristi.

Àwọn kan á ní Jákọ́bù tako Pọ́ọ̀lù. Ẹ wo Ábúráhámù (ará ọ̀nà jíjìn bíi tiwa), tí àwọn méjèèjì fi ṣe àpẹẹrẹ. Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹẹ̀ẹ́dógún, níbi tí a ti ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo, nígbà tí wọn ò tíì bí Ísáákì. Jákọ́bù tọ́ka sí orí kejìlélógún, nígbà tí Ísáákì ti tó ẹni tó ń ru igi. Ọ̀kan ń sọ bí ọkùnrin náà ṣe wọlé, èkejì ń sọ bó ṣe gbé inú ilé. Martin Luther pe lẹ́tà Jákọ́bù ní lẹ́tà koríko gbígbẹ ní 1522. Ní ọdún yẹn kan náà, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ìwé Róòmù, òun fúnra rẹ̀ ní ìgbàgbọ́ tòótọ́ kì í jókòó lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí ìjọ ilé, tí ẹ rò pé ẹ ti bá Ọlọ́run ṣírò, ẹ má rẹ́rìn-ín àwọn yẹn. Ọlọ́run kì í ta ìgbàlà.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí Ghana. Ọjà ni wọ́n bá lọ, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ ìjọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ilé àti ọjà wọn lọ, àmọ́ àwọn ọmọ Ghana gba iṣẹ́ náà ṣe, ìjọ náà ò sì parun. Ta ni nínú àwọn baba wa yẹn ló ń ra ọ̀run? Wọ́n ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ara wọn ò kàn gbà kí wọ́n jókòó tì í ni.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí bí ohùn mi bá le. Jákọ́bù yìí kan náà, ní orí karùn-ún, ní owó alágbàṣe tí a dá dúró ń ké, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Oṣù ti ń parí lọ. Kí ẹ tó fi ẹsẹ kẹjọ dá mi lóhùn, ẹ pe ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ ìsìn yín, kí ẹ bi í pé èló ló kù.