Òwìwí Kò Mú Ikú Wá

Ìgbàgbọ́ tí ó gbilẹ̀ lórí òkè Kétu, láti Kétu fúnra rẹ̀ títí dé Pobẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ni pé ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí, pé ilé tí ó bá ké lé lórí kò ní ṣàì ṣọ̀fọ̀, àti pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wọ oko lóru kí ó lè ka iye òwìwí tí ń ké ń wá ohun tí kò sọnù. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí alẹ́ tí òwìwí ké tí ẹnìkan sì kú ni àwọn ènìyàn ń rántí, tí wọn a sì gbàgbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ tí ó ké tí tọmọdé tàgbà sì jí ire.

Òwìwí kíkà gan-an ni ó lè tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Olùyọ̀ǹda yóò dúró sójú kan fún ìwọ̀n àkókò kan náà, yóò dákẹ́, yóò sì kọ igbe tí ó bá gbọ́ sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò kọ ìyẹn náà. Báyìí ni àwọn ará Bìrìtìkó ṣe láàárín 2018 sí 2019, tí wọ́n ń tẹ́tí fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Eku ni òwìwí ń wá wá sí ẹ̀gbẹ́ àká àgbàdo. Èyí tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, tí ó sì ń sùn sínú àlàpà, ní ojú pẹrẹsẹ bí àwo tí ń kó ìró jọ sí etí, etí kan sì ga ju èkejì lọ, tí ó fi lè mọ ibi tí eku ti ń rìn nínú òkùnkùn. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fífò rẹ̀ kì í dún, ìdákẹ́jẹ́ yìí ni wọ́n sì ń pè ní iwin. Ẹni tí ó bá tú ìṣù dúdú tí òwìwí yìí ń bì sí abẹ́ ibi tí ó ń sùn yóò bá irun eku níbẹ̀, pẹ̀lú eyín àti agbárí kéékèèké.

Ó sì yẹ kí a fẹ́ ohun tí ń pa eku, nítorí irú eku kan tí ń wọ ilé ni ó ń gbé ibà Lassa, tí ó pa ènìyàn ní Tanguiéta àti Cobly ní àríwá Benin ní 2014. Ní Màléṣíà, àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí sórí òpó kí òwìwí lè máa gbé ibẹ̀, kí ó sì máa pa eku tí ń jẹ ẹyìn wọn. Pobẹ̀, tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, sì ń sọ òwìwí lókò.

Àwọn kan yóò ní àṣà ni ó pàṣẹ òkò náà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Kétu ni orírun rẹ̀, tí UNESCO sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, jẹ́ eré tí a fi ń tu àwọn ìyá ẹlẹ́yẹ, ìyẹn àwọn àjẹ́, lójú: ijó àti ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹyẹ níbẹ̀.