Kí Wọ́n Fọwọ́ Tẹ Ikùn Ná Kí Wọ́n Tó Pè É Ní Táífọ́ọ̀dì

Sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ́míìsì àti ti àwọn onílé ìwòsàn aládàáni nílẹ̀ Yorùbá,

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ yín, inú rírun kò ní ju orúkọ mẹ́ta lọ: ibà, táífọ́ọ̀dì, jẹ̀díjẹ̀dí. Aláìsàn kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún Widal, àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dì. Ẹlòmíràn, oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n á kó lé e lọ́wọ́ kó lọ fi fọ inú. Ta ló bi í pé níbo ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló ń tú àṣírí apẹ́ńdísì, ìfun kékeré inú ikùn, bó bá wú. Ìrora rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo; tó bá di wákàtí mélòó kan, á sún lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Oúnjẹ kò ní wu aláìsàn, èébì á máa gbé e, ara á gbóná díẹ̀. Bó bá wúkọ́, á gbá ikùn mú.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni fífọwọ́ tẹ ikùn. Ní 1889 ni oníṣẹ́ abẹ Charles McBurney ní New York ti tọ́ka ibi tí ìka dókítà yẹ kó tẹ̀, láàárín ìdodo àti egungun ìbàdí ọ̀tún. Nígbà tí dókítà Alfredo Alvarado gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún mímọ apẹ́ńdísì jáde ní 1986, máàkì 10 ló fi sí i. Ìbéèrè, ìka àti tẹmómítà ló ni 7. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ni 3 tó kù. Widal kò ní ẹyọ kan níbẹ̀.

Oògùn ìyàgbẹ́ ló burú jù. Ó lè mú kí apẹ́ńdísì tó ti wú bẹ́. Bó bá bẹ́, ìrora lè kọ́kọ́ dẹ̀. Oníkẹ́míìsì á ní oògùn òun ti jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọyún ti ń tàn káàkiri inú. Apẹ́ńdísì bẹ́ mọ́ Harry Houdini, gbajúgbajà apidán Amẹ́ríkà, nínú. Ibà líle wà lára rẹ̀ tó ṣì ń pidán lórí ìtàgé ní Detroit, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1926.

Ẹ fi í ṣe òfin ẹgbẹ́: ẹni tí ìsàlẹ̀ ikùn ọ̀tún ń dùn kò gbọdọ̀ gba oògùn ìyàgbẹ́. Kí wọ́n kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ṣì lè lóyún, kí wọ́n yẹ oyún wò pẹ̀lú, torí oyún tó dúró síta ilé ọmọ náà máa ń dunni níbẹ̀.