Ife Kọfí Ìyá àti Ọwọ́ Ọmọdé



Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé lónìí kò ní pẹpẹ mọ́. Orí tábìlì kékeré tó wà láàárín yàrá ni a ń gbé ife lé, ọwọ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sì tó ibẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí kọfí tí ẹ ń mu nínú ilé.

N kò wá láti sọ pé kí ìyá ọmọ má mu kọfí mọ́. Kọfí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbẹ̀ ti gbìn ín ní agbègbè Kábà. Ìyá tí ọmọ kò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, tí ó tún gbọ́dọ̀ dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, ife kọfí kan lè jẹ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí yóò rí títí di alẹ́. Èmi náà ń mu ún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kọfí ní àkókò, ó ní àyè, ó sì ní ìwọ̀n. Mo sì gbà pé kì í ṣe ìyá nìkan ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ èyí. Gbogbo ilé ni.

Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ oṣù mẹ́wàá, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kejì di ife mi mú. Mo rò pé mo mú un dáadáa. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti na ọwọ́, kọfí sì ti dà sí i lápá. Aládùúgbò kan sáré gbé ẹyin tútù wá, òmíràn mú ọṣẹ ìfọyín wá. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ìyá ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àpá náà wà lápá ọmọ mi títí di òní. Gbogbo ẹni tí ó wá kí wa ni ó ń bi mí pé kí ló gbé kọfí dé ọwọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ló wà nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí ì bá bá mi gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú 15. Ọkọ mi wà nílé. Ó ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Omi tí ó ń hó gbóná tó ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ó bá tilẹ̀ rọ̀ dé 60, tí àgbàlagbà ti lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ṣì lè bó ọmọdé lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí pé awọ ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Kọfí tí a ti pò láti bí ìṣẹ́jú 15 pàápàá ṣì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ má ṣe gbé ọmọ àti ife gbígbóná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí a pọ̀n pàápàá lè na ọwọ́ kọjá èjìká wa.

2. Ẹ gbé ife sí àárín tábìlì gíga, kì í ṣe etí rẹ̀. Ẹ ká aṣọ tábìlì kúrò, nítorí pé òun ni ọmọ tí ń rá máa ń fà láti fi dìde.

3. Ẹ má gbé ife sí abẹ́ àga tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹní nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú.

4. Ẹ gbé fúláàsì àti kẹ́tùlù sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, kí wáyà kẹ́tùlù iná mànàmáná má sì rọ̀ sílẹ̀.

Bí ó bá ṣèèṣì dà sí ọmọ lára, ẹ tètè bọ́ aṣọ tí ó rin kúrò, àfi èyí tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ máa da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi dídì. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín tàbí eérú sí i, ẹ má sì bẹ́ ìléròrò. Ẹ rọra fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Kaféènì ni orúkọ èròjà tí ń lé oorun lọ nínú kọfí. Ó wà nínú tíì, ó sì wà nínú obì tí a ń jẹ. Ife kọfí oníyẹ̀fun kan ní nǹkan bí mílígíráàmù 100. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn fún aláboyún ni pé kí ó má kọjá 200 lójúmọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Ife méjì nìyẹn, obì àti tíì sì wà nínú ìṣirò náà. Kí aláboyún má sì fi kọfí gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì, nítorí kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú rẹ̀ dáadáa. Omi ni kí ó lò.

Fún ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú, díẹ̀ nínú kaféènì náà ń bá ọmú lọ sára ọmọ. Ara àgbàlagbà lè lé ìdajì rẹ̀ jáde láàárín nǹkan bí wákàtí 5, ṣùgbọ́n ó ń gba ara ọmọ tuntun ní ọjọ́ mélòó kan. Bí ara ọmọ yín kò bá balẹ̀, tí kò sùn, ẹ dín kọfí kù ná, kí ẹ sì máa mu ún lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu ọmú tán. Ọmọdé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu kọfí, ì báà ṣe ṣíbí kan. Ọmú ìyá nìkan ni fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọ̀rọ̀ kù sí ọwọ́ yín. Ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Láti ọjọ́ tí mo sọ yẹn, bí mo bá ti gbé omi kaná láàárọ̀, ọkọ mi a gba ọmọ lọ́wọ́ mi, a gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò rẹ̀ a sì bá wọn lọ. Ìṣẹ́jú 15 péré ni. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọmọ tó wà nílé yín.