Bátìrì Mọ́tò Kì í Ṣe ti Onílé Ńlá Nìkan

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná rìn ti pọ̀ ní títì wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bátìrì rẹ̀ lè dá iná padà sínú wáyà ìlú. Láti ọdún 1997 ni Willett Kempton ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà àti Steven Letendre ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti lo ínfátà ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé gígùn. Lóru tí iná ṣẹ́kù, bátìrì mọ́tò yóò gbà á lówó pọ́ọ́kú. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń dáná, yóò dá díẹ̀ padà, onímọ́tò yóò sì gbowó. Ilé kan níhìn-ín sábà máa ń lo nǹkan bí yúnìtì 2,700 lọ́dún. Nissan Leaf oní-yúnìtì 40 lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Bátìrì kan kò tó ìlú, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ta ni yóò wá jẹ èrè yìí? Ẹni tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà rẹ̀ ni. Àwa tí a ń gbé fúláàtì, ẹ̀gbẹ́ títì là ń gbé mọ́tò sí. Ní ọdún 2024, owó-orí ìdá 5 nínú 100 ni onílé ń san lórí iná tó gbà nílé. Ẹni tó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń san ìdá 20. Ẹni tí kò ní ń san ju ẹni tó ní lọ! Ìwà ìrẹ́jẹ ni.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó olówó ni. A kò gbà. Owó àtúnṣe wáyà ìlú wà nínú bíìlì gbogbo wa. Àwọn mìíràn ní yóò ba bátìrì jẹ́. Lóòótọ́, lílò ń jẹ bátìrì. Ìdí nìyẹn tí owó tí wọn yóò san fún onímọ́tò fi gbọ́dọ̀ tó nǹkan.

Káńsù tó bá ń ri ẹ̀rọ iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó ri èyí tó lè fún mọ́tò níná, tó sì lè gbà á padà. Ẹ bi aṣojú yín léèrè, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ lọ sí ìpàdé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.