Ọwọ́ Tó Di Okùn Mú

Ní erékùṣù Bermuda, Ọjọ́ Ẹtì Rere tí a ń rántí ikú Olúwa wa ni tọmọdé tàgbà máa ń jáde lọ fi káìtì ṣeré. Àwọn ará Guyana ń ṣe tiwọn ní Mọ́ńdè Àjíǹde. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Bermuda ni pé olùkọ́ kan ń wá ọ̀nà láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé bí Jésù ṣe gòkè re ọ̀run. Ó ṣe káìtì, ó gbé e sókè, ó sì gé okùn rẹ̀ kí ó lè máa lọ.

Mo fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ibi okùn gígé yẹn kò wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá ti fi káìtì ṣeré rí mọ̀ pé èyí tí okùn rẹ̀ já kì í dé ọ̀run. Yóò fì sọ́tùn-ún, yóò fì sósì, yóò sì lọ há sórí igi.

Ní Belvedere àti Thamesmead níbí, a kì í wá afẹ́fẹ́ tì. Ilẹ̀ àbàtà ni tẹ́lẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ sì ń ti orí odò Thames wá. Àwọn òpó iná ńlá tó gba orí àbàtà Erith kọjá ni kí ẹ jìnnà sí, nítorí iná lè gba ara okùn wá bá ẹni tó dì í mú. Òfin ilẹ̀ yìí sì ni pé káìtì kò gbọdọ̀ ga ju mítà 60 lọ.

Èyí tí àwa ṣe nílé ní kékeré kò ná wa ní kọ́bọ̀: ìwé ìròyìn tàbí ọ̀rá, igi ìgbálẹ̀ méjì tí a dè ní àgbélébùú, òwú télọ̀, àti àkísà tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìrù. (Ẹ̀yin oníwàásù, mo mọ̀ pé àgbélébùú yẹn ti wọ̀ yín lójú. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.) Orúkọ ẹyẹ àwòdì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, ṣùgbọ́n àwòdì ní ìyẹ́ tirẹ̀. Káìtì kò ní. Afẹ́fẹ́ ń tì í lọ, okùn ń fà á padà, àárín ìjàkadì méjèèjì yẹn ló ti ń rí agbára gòkè. Bí okùn bá já, bébà lásán ló kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Ẹ ti gbọ́ ọ pé òfin ilé ni okùn yín, òótọ́ sì ni. Àwọn òbí ni mo fẹ́ bá jókòó lónìí, torí pé okùn ní ìpẹ̀kun méjì, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀rù ń bà wá. Ọ̀bẹ ti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí kan láàárín Woolwich sí Thamesmead. Bí ọmọ bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé láti Abbey Wood, ìyá rẹ̀ á ti pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ káìtì í lò, kì í dúró sójú kan. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, á fà á mọ́ra. Bí ó bá ń fẹ́ dáadáa, á tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dì í mú gírígírí nígbà tí ìjì le, yálà kí okùn já tàbí kí káìtì ya. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ ọdún 12 àti ọmọ ọdún 17 kò yẹ kó wà lórí okùn tó gùn bákan náà. Ẹni ọdún 17 tí a kò jẹ́ kó dá wọ bọ́ọ̀sì rí, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò lọ sí yunifásítì ní Leeds, a ó sì tú gbogbo okùn fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nínú Hóséà orí 11, Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí òbí. Òun ló kọ́ Éfúráímù ní ìrìn, ìfẹ́ ló sì fi ṣe okùn tó fi ń fà á. Ẹ ka orí náà dópin, ẹ óò rí i pé ọmọ náà kò gbọ́, ó dun Baba dọ́kàn, síbẹ̀ kò jù ú nù. Ẹni tó di okùn àwa òbí gan-an mú nìyẹn.

Okùn mìíràn wà. Ní India àti Pakistan, àwọn tó ń fi káìtì bára wọn jà máa ń fi dígí lílọ̀ kun okùn kí ó lè gé ti ẹlòmíràn. Ó ti gé ọrùn àwọn tó ń gun alùpùpù kọjá lọ. Àwọn kan nínú wa ń fi irú rẹ̀ tọ́ ọmọ: “Wo ọmọ pásítọ̀.” “Ṣé torí èyí ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ òru?” Okùn ni lóòótọ́, ọmọ kò lè lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn baba ni Éfésù 6:4 kìlọ̀ fún. Kí àwọn ìyá náà bá wa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí okùn tiyín ti já ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ wà lára àwọn tó ń ka ojú ewé yìí. Ọmọ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kì í gbé fóònù mọ́. Ní ọdún 1848, ẹnjiníà Charles Ellet fẹ́ ṣe afárá kọjá ọ̀gbun Niagara, láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí omi ti le ju ohun tí ọkọ̀ lè là kọjá. Wọ́n ṣèlérí owó fún ẹni tó bá lè fi káìtì gbé òwú dé òdìkejì. Ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Homan Walsh gbìyànjú, okùn rẹ̀ já. Ó tún káìtì náà ṣe, ó padà lọ, ó sì ṣeé ṣe fún un. Òwú yẹn ni wọ́n fi fa okùn tó nípọn jù ú lọ, ìyẹn fa òmíràn, títí ó fi kan wáyà irin. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ènìyàn ti ń rìn lórí afárá.

Nítorí náà, ẹ má fi wáyà irin bẹ̀rẹ̀. Ìwàásù ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp, pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta, wúwo jù fún káìtì. “Mo se ẹ̀fọ́ tí o fẹ́ràn, mo ti tọ́jú tìrẹ sínú firísà” ti tó.